Ojú-Ìwé Ìṣápá Tí Ìbọn Ọdẹ́jìnmí Gbé Lọ

Ẹ̀yin tí ẹ ti jẹun, ẹ sún mọ́bí. Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì jẹun, ẹ má jókòó jìnnà sílé, nítorí ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni mo fẹ́ sọ, ó sì lè pẹ́ díẹ̀. Ọ̀rọ̀ Ọdẹ́jìnmí, àgbà ọdẹ Ìdó-Ọ̀gán, ni. Èmi kọ́ ló ṣẹlẹ̀ sí. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ ni, bí mo sì ṣe gbọ́ ọ ni n ó ṣe sọ ọ́.

Níbi ìsọmọlórúkọ kan ládùúgbò wa ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Obìnrin méjì ló ń dáná. Ẹnì kìíní ti bu iyọ̀ sọ́bẹ̀ kí ẹnì kejì tó dé. Ẹnì kejì kò béèrè, òun náà bu tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé oúnjẹ kalẹ̀, ẹni tó bá fi òkèlè kan sẹ́nu ń wá omi kiri. Ọdẹ́jìnmí nìkan ló jẹ tirẹ̀ tán, ó fọwọ́, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó dáná pé wọ́n kú iṣẹ́. Àwọn àgbà obìnrin wo ara wọn lójú. Ọkùnrin yìí kan náà ló máa ń dá àwo padà fún ìyàwó rẹ̀ nígbà kan rí nítorí pé ata fi díẹ̀ pọ̀ jù.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí oòrùn ti rọlẹ̀, a kó ara wa lọ bá a lábẹ́ igi àgbọn iwájú ilé rẹ̀. Ìyá Sùnmíbárẹ̀, tí ọ̀rọ̀ kì í gbé nínú rẹ̀, ló bi í pé, "Bàbá Ìbíwùnmí, kí ló ṣe ẹnu yín?"

Ọdẹ́jìnmí mí kanlẹ̀. Ó ní ó ti tó ọdún mẹ́ta tí òun ti ń gbé ọ̀rọ̀ náà kiri nínú òun, ó sì ti rẹ òun. Ó sún ìbọn rẹ̀, tí ó ti ń dípẹtà, kúrò lẹ́sẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀.

Ó ní Àyọ̀ká, ìyàwó òun tó ti di olóògbé, ni obìnrin àkọ́kọ́ tó ní ìwé oúnjẹ ní Ìdó-Ọ̀gán. Lọ́dún tí ìyàwó olùṣọ́-àgùntàn ìjọ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn obìnrin ní ìwé kíkà lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, kò sí ìwé tí wọn yóò máa kà. Ó bá ní kí oníkálukú máa kọ oúnjẹ tí ìyá rẹ̀ fi tọ́ ọ dàgbà sílẹ̀. Àwọn yòókù kọ méjì, wọ́n kọ mẹ́ta, wọ́n sinmi. Àyọ̀ká kò sinmi. Ó kọ ọ̀jọ̀jọ̀, ó kọ ẹ̀kuru, ó kọ ẹ̀bẹ, ó kọ àádùn tí ìyá rẹ̀ máa ń ṣe nígbà tí àgbàdo bá gbẹ, ó kọ bí a ṣe ń se ẹran ìgbẹ́ tí òórùn igbó yóò fi kúrò lára rẹ̀. Ìdí ààrò ló ti ń kọ ọ́, lẹ́ẹ̀dì lọ́wọ́ kan, ìgbakọ lọ́wọ́ kejì, ìka tó lépo ló sì fi ń ṣí i, nítorí náà kò sí ojú-ìwé kan tí kò ní àpá epo pupa tirẹ̀.

Inú ìwé yìí ni Ìbíwùnmí, ọmọ wọn kan ṣoṣo, ti kọ́ ìwé kíkà. Kí ó tó mọ orúkọ ara rẹ̀ kọ, ó ti lè ka "dín in títí yóò fi pọ́n". Bí ó bá ka ibi ọ̀jọ̀jọ̀ dé ìdajì, yóò dìde lọ wo inú agbada bóyá ó ku kan. Lọ́pọ̀ ìgbà, ó máa ń ku kan, nítorí ìyá rẹ̀ mọ̀ pé yóò wá.

Ọdẹ́jìnmí ni kò kọ́ ọ. Àyọ̀ká bẹ̀ ẹ́, bẹ̀ ẹ́, ó ní ẹni tó lè mọ ipasẹ̀ ẹtu yàtọ̀ sí ti ìgalà lórí àpáta ti ka ìwé tó ju ti olùṣọ́-àgùntàn lọ. Nígbà tí ó sọ ibí yìí fún wa, ó dánu dúró. Ó ní ibi tó yẹ kí òun ti yangàn nìyí, kí òun ka iye ẹfọ̀n tí òun ti pa, kí òun sọ bí àwọn ọ̀bọ ṣe máa ń dọ̀bálẹ̀ kí òun lórí igi, ṣùgbọ́n ó ti rẹ òun, kí a kúkú gbà pé òun ti yangàn. Àwa náà gbà.

Iṣẹ́ kan ṣoṣo tí ọdẹ ní nílé ìdáná ni ìtọ́wò. Bí Àyọ̀ká bá ń se ọbẹ̀ ìṣápá, tí ó ti se ìṣápá náà, tí ó ń fi omi fọ kíkan rẹ̀ kúrò, yóò bu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, yóò nà án sí ọkọ rẹ̀. Ọkọ á tọ́ ọ wò, á ráhùn. Obìnrin á rẹ́rìn-ín, á padà lọ fọ̀ ọ́ sí i. Ogún ọdún ni wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀, kò sì sí ẹni tó kà á sí nǹkan kan nínú àwọn méjèèjì.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́, Ọdẹ́jìnmí ń kì ìbọn rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ kò ṣọdẹ rí, bí ọdẹ bá da ẹ̀tù sínú ìbọn, ó gbọ́dọ̀ fi nǹkan rírọ̀ dí i kó tó da ọta lé e, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ gbogbo rẹ̀ á dà sílẹ̀ lọ́nà. Èèpo àgbọn gbígbẹ ló máa ń lò. Tọjọ́ náà ti tán, ìwé Àyọ̀ká sì wà lórí pẹpẹ. Ó ya ojú kan níbẹ̀ láìwo ohun tó jẹ́, ó fi ọ̀pá kì í sínú ìbọn, ó gba Igbó Àìdágbére lọ. Ìgalà kan tí ìwo rẹ̀ funfun dúró níbẹ̀ tó ń wò ó. Ó yìn ín. Ẹran náà ṣubú, ó dìde, ó wo ojú Ọdẹ́jìnmí dáadáa bí ẹni tó fẹ́ dá a mọ̀ lọ́jọ́ mìíràn, ó sì bá èéfín ìbọn lọ.

Nígbà tí Àyọ̀ká ṣí ìwé rẹ̀ lọ́sàn-án, ojú-ìwé ọbẹ̀ ìṣápá ti lọ. Kò bínú. Ó ní, "Wọ́n ti yin ọbẹ̀ mi níbọn," ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní tó bá di ọ̀la òun yóò tún un kọ. Ọ̀la ń di ọ̀la. Kí òjò ọdún náà tó rọ̀, àìsàn ọjọ́ mẹ́jọ mú un lọ.

Ìyá tó bí Àyọ̀ká ń gbé lọ́dọ̀ wọn. Ìyá Àgbà ni gbogbo wa ń pè é. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ wà láyé, kò sí oúnjẹ tí yóò gbé síwájú rẹ̀ tí kò ní sọ pé iyọ̀ rẹ̀ kò tó. Yóò sọ bẹ́ẹ̀, yóò sì jẹ ẹ́ tán. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin Àyọ̀ká, kò rojọ́ iyọ̀ mọ́. Kò jẹun mọ́ náà. Yóò fi ìka kan oúnjẹ, yóò ní, "O ṣeun, ọmọ mi," yóò sì kọjú sógiri.

Ìbíwùnmí gbé ìwé ìyá rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ láti ojú-ìwé kìíní. Lónìí ọ̀jọ̀jọ̀, lọ́la ẹ̀kuru, lọ́túnla ẹ̀bẹ. Lọ́jọ́ tí ìwé tán ni Ìyá Àgbà tó sọ ohun tí ọkàn rẹ̀ ń fẹ́. Ọbẹ̀ ìṣápá ni, irú èyí tí Àyọ̀ká máa ń sè. Ìbíwùnmí sè é, ó kan gógó. Ó tún un sè, ó fọ̀ ọ́ ní àfọ̀jù, ó tẹ́ lẹ́nu. Ìyá Àgbà ní kò burú, ṣùgbọ́n ti Àyọ̀ká kọ́ nìyẹn. Ọwọ́ ìyá arúgbó náà ti gbẹ débi pé ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ ń bọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ẹ̀ẹ̀mẹta ni Ìbíwùnmí ṣa á nílẹ̀ tó tún un fi sí i lọ́wọ́, lẹ́yìn èyí ó wo bàbá rẹ̀. 

Ọdẹ́jìnmí mọ̀ pé bí ìyá náà bá kú, ìbọn òun ló pa á. Ó kì ìbọn, èèpo àgbọn ló fi kì í lọ́jọ́ yìí, ó jáde láti lọ wá ojú-ìwé tí ó fọwọ́ ara rẹ̀ yìn dànù.

Ẹ má bi í léèrè bí ọ̀nà ṣe rí. Ó ní ọ̀nà náà gùn, ẹ̀gún wà níbẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ kó lọ wò ó. Ohun tí ó rántí ni iwin tó jókòó sẹ́nu ibodè Igbó Àìdágbére, tí orí rẹ̀ jẹ́ mẹ́ta, tí èéfín ń jáde láàárín wọn. Ọdẹ́jìnmí fọwọ́ sọ̀yà, ó ki ara rẹ̀ láti orí baba tó bí baba rẹ̀, ó ka ẹran tó pa, ó ka iwin tó ti sá fún un. Iwin náà yán. Ó ní gbogbo ọdẹ ló ń sọ bẹ́ẹ̀, kí ó fetí sí àlọ́.

"Arábìnrin mẹ́ta jókòó ti iná," ni iwin náà wí. "Wọ́n jọ gbé ẹrù kan. Bí ẹyọ kan bá dìde nínú wọn, ebi di ti gbogbo ilé. Ta ni wọ́n?"

Ọdẹ́jìnmí ní ààrò ni, nítorí ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Ó ti ń gbẹ́sẹ̀ láti kọjá nígbà tí iwin tún bi í pé bí ẹyọ kan bá wá kú nínú wọn ńkọ́, kí ni àwọn méjì tó kù yóò ṣe? Ọdẹ́jìnmí ronú kan Ìyá Àgbà, ó ronú kan Ìbíwùnmí.  Ó dúró síbẹ̀ títí ẹsẹ̀ fi ń ro ó. Nígbà tó yá, iwin náà sún kúrò lọ́nà, ó ní kó máa lọ, òun náà kò mọ̀ ọ́n.

Lẹ́yìn èyí ni ó dé ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Adùn-Àná. Ilé ìdáná pọ̀ níbẹ̀ ju ilé ìsùn lọ, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí iná wà nínú rẹ̀. Àwọn ará ìlú jókòó yí ààrò tútù ká, wọ́n ń sọ oúnjẹ tí ìyá wọn máa ń sè fún wọn. Èyí ń sọ ti ẹ̀wà, tọ̀hún ń sọ ti ẹ̀kọ. Ẹni kan ní kò sí ẹni tó mọ ẹ̀fọ́ í rò bí ìyá òun, ẹlòmíràn ń já a nírọ́. Ọdẹ́jìnmí jókòó kí ó lè tún ọ̀rọ̀ wọn ṣe. Ó sọ ti ọ̀jọ̀jọ̀ Àyọ̀ká, bí etí rẹ̀ ṣe máa ń gbẹ tí ó sì ń rún wómúwómú lẹ́nu, tí inú rẹ̀ sì máa ń rọ̀. Ó sọ bó ṣe ń fi èyí tó kéré jù pamọ́ fún ọmọ. Wọ́n sunkún, wọ́n yìn ín, wọ́n ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Ọjọ́ méje ló fi ń tún un sọ, ó sì ní kí òun má purọ́ fún wa, láti ìgbà tí Àyọ̀ká ti kú, òun kò sinmi bí òun ṣe sinmi níbẹ̀. Ẹsẹ̀ kò dun òun mọ́. Òun kò mọ̀ pé ó ti ta gbòǹgbò ni.

Ṣùgbọ́n ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Lọ́jọ́ kẹjọ, ikùn rẹ̀ kígbe. Ó béèrè pé ta ni yóò dáná báyìí.  Bàbá arúgbó kan, tí koríko ti hù kọjá eékún rẹ̀, ló dá a lóhùn. Ó ní, "Bí a bá dáná, tí kò bá wá dùn bíi tàná ńkọ́?"

Ọdẹ́jìnmí ní ojú òun là lọ́gán náà. Ó rántí Ìyá Àgbà tó kọjú sógiri. Ó fa àdá yọ, ó gé gbòǹgbò ẹsẹ̀ rẹ̀, awọ sì bá a lọ. Ó ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè fún wa lábẹ́ igi àgbọn, a sì rí àpá náà ní ọrùn-ẹsẹ̀ méjèèjì. Bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́, tó ro ìyà, tó bá pa ẹran kò ní fún ẹnì kan jẹ. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni òun ń wí ní gbogbo ọ̀nà, ṣùgbọ́n kò sí ẹran lọ́wọ́ òun tí òun yóò fi du ẹnikẹ́ni.

Orí òkè kan ló ti wá rí ìgalà náà. Obìnrin ni lọ́jọ́ yìí. Ìwo funfun rẹ̀ méjèèjì ló gbé kọ́ sára ògiri. Ó jókòó nídìí ìkòkò, òórùn irú gba gbogbo ibẹ̀. Àpá ọgbẹ́ wà léjìká rẹ̀, etí bébà kan tó lépo sì yọ jáde níbẹ̀. Kò yà á lẹ́nu láti rí ọdẹ.

"Ìwọ lo yìn mí lọ́bẹ̀," ni obìnrin náà wí. "Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń gbóòórùn rẹ̀ tí n kò lè sùn. Mo kọ́ ìwé nítorí rẹ̀. Mo ti sè é lọ́nà ọgọ́rùn-ún, kò bọ́ sí i rí, nítorí ohun kan wà ní ìparí rẹ̀ tí a kò ní nílùú wa."

Ọdẹ́jìnmí gbé ìbọn sílẹ̀, ó kúnlẹ̀. Ó tọrọ àforíjì, ó ròyìn Ìyá Àgbà, ó sì bẹ̀ ẹ́ fún ojú-ìwé náà. Obìnrin náà ní òun yóò fún un, ṣùgbọ́n òun yóò gba ìtọ́wò ẹnu rẹ̀ dípò. Ọdẹ́jìnmí béèrè bóyá ìyẹn nìkan ni, bóyá kò ní gba ojú tàbí ẹsẹ̀ mọ́ ọn. Obìnrin náà ní ìyẹn nìkan ni.

"Kí o tó dáhùn," obìnrin náà tún wí, "jẹ́ kí n ka ìparí rẹ̀ fún ọ."

Ojú ti ọdẹ. Kí ẹran tó yìn níbọn wá máa kàwé fún un, ìwé tí ìyàwó rẹ̀ kọ, tí ìyàwó náà bẹ̀ ẹ́ títí kó kọ́ bí a ti ń kà á. Ó ní, "Má ṣe ìyọnu, mo gbà. Mo mọ ohun tó wà níbẹ̀." Ìgalà náà wò ó, bó ṣe wò ó lọ́jọ́ ìbọn. Ó já ewé kan, ó fi ra ahọ́n ọdẹ lẹ́ẹ̀kan, ó sì fa ojú-ìwé náà yọ léjìká rẹ̀, ó fún un.

Ọ̀nà àbọ̀ kò gùn. Ìyá Àgbà ṣì ń mí nígbà tó délé. Ìbíwùnmí fi ọwọ́ méjèèjì gba bébà náà, ó nà án lórí eékún rẹ̀, ó kà á sókè. Ó ka àwo ìṣápá méjì. Ó ka káún tí kò gbọdọ̀ ju orí ìka lọ. Ó ka ẹ̀gúsí tí a kò gbọdọ̀ gún kúnná jù, ó ka irú àti ẹja gbígbẹ. Ó dé ìparí, ó gbójú sókè. Bàbá rẹ̀ ní kí ó kà á.

Ìbíwùnmí kà á pé: "Fífọ ìṣápá kò ní iye. Máa fọ̀ ọ́, kí o máa fún Bàbá Ìbíwùnmí tọ́ wò. Nígbà tí ó bá dákẹ́, ó ti tó."

Ọdẹ́jìnmí jókòó sílẹ̀ nílé ìdáná. Ó ní àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀, òun sì ti mọ òwe náà láti kékeré, ṣùgbọ́n ọjọ́ náà ni òwe náà tó mọ òun. Ẹnu òun ni òṣùwọ̀n, ẹnu yẹn náà ni òun sì fi san án. Ìbíwùnmí kò tíì mọ̀. Ó ti gbé ìṣápá kaná, ó sè é, ó fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kìíní, ó bu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó nà án sí bàbá rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìyá rẹ̀ ti máa ń ṣe. Ọdẹ́jìnmí tọ́ ọ wò. Bí ẹni tó fi aṣọ gbígbẹ sẹ́nu ni. Kò kan, kò dùn, kò korò. Ó wo ọwọ́ ọmọ náà tó nà sí i, ọwọ́ Àyọ̀ká gan-an ni, ó sì rántí ohun tí ó máa ń sọ.

Ó ní, "Ṣé o fẹ́ di opó ni?"

Bó ṣe máa ń sọ ọ́ fún Àyọ̀ká nìyẹn ní gbogbo ọjọ́ tí ìṣápá bá wọlé, ní fífọ̀ kìíní. Ìbíwùnmí ti gbọ́ ọ láti kékeré. Ó wo ojú bàbá rẹ̀, ó rí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i níbẹ̀. Ó padà lọ fọ̀ ọ́. Lẹ́ẹ̀kejì, Ọdẹ́jìnmí ní eyín ti kan òun, òun kò ní lè jẹran mọ́. Ó lọ fọ̀ ọ́. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó ní ó ku díẹ̀. Ó lọ fọ̀ ọ́. Nígbà tó nawọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹrin, ọkùnrin náà tọ́ ọ wò, ó sì dákẹ́. Ogún ọdún ló fi ń dákẹ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ti ọjọ́ náà, ẹkún ni kò jẹ́ kó lè sọ̀rọ̀.

Wọ́n gbé ọbẹ̀ àti iyán síwájú Ìyá Àgbà. Ó bu òkèlè kan, ó gbé e mì. Ó bu èkejì. Ó kúrò lára ògiri, ó jókòó dáadáa, ó wá wo Ìbíwùnmí. Ó ní, "Ta ló se ọbẹ̀ yìí? Iyọ̀ rẹ̀ kò tó."

Ìbíwùnmí sáré lọ gbé iyọ̀, ó ń sunkún bọ̀. Ìyá Àgbà bu díẹ̀ sí i, ó jẹ ẹ́ tán, ó sì ní kí wọ́n má ṣe àṣìṣe iyọ̀ yẹn mọ́ lọ́la.

Bí Ọdẹ́jìnmí ṣe sọ ọ́ fún wa nìyẹn lábẹ́ igi àgbọn. Bó ti ń sọ ọ́ lọ́wọ́, a ń gbọ́ Ìyá Àgbà nínú ilé tó ń bá Ìbíwùnmí jà lórí iyọ̀ ẹ̀bẹ, kò sì sí ẹni tó rẹ́rìn-ín nínú wa. Ìyá Sùnmíbárẹ̀ béèrè bóyá Ọdẹ́jìnmí náà jẹ nínú ọbẹ̀ ọjọ́ náà. Ó ní òun jẹ. Ó ní láti ìgbà náà, Ìbíwùnmí máa ń jókòó ti òun bí òun bá ń jẹun, á máa sọ bí ó ṣe rí lẹ́nu fún òun, ọmọ náà sì mọ̀ ọ́n sọ. Níbi ìsọmọlórúkọ ni kò ti sí nítòsí.

Ó fa ìwé pẹlẹbẹ kan yọ nínú àpò ọdẹ rẹ̀. Wọ́n ti fi òwú rán ojú-ìwé tó sọnù padà sínú rẹ̀, epo wà lára rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ wà lára rẹ̀. Ó ní òun ti jẹ́ kí Ìbíwùnmí kọ́ òun ní ìlà kan ṣoṣo, ìlà tó gbẹ̀yìn, òun kò sì ní kọ́ òmíràn mọ́ nítorí òun ti darúgbó. Ó fi ìka sí i, ó tẹ̀ lé e lọ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń tọ ipasẹ̀ ẹran, ó sì kà á fún wa: "Nígbà tí ó bá dákẹ́, ó ti tó."

Ìyá Sùnmíbárẹ̀ ṣì fẹ́ béèrè ohun kan. A wo Ọdẹ́jìnmí. Ó ti pa ìwé náà dé, ó gbé e lé eékún, ó dákẹ́.

A gbé àpótí ìjókòó wa, a lọ sílé.